Mólà ìsàlẹ̀: kánálì mélòó ló wà níbẹ̀ gan-an?

Fáìlì10

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mólà ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́ (eyín ńlá ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ) ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí, eyín 46, ti apá ọ̀tún. A ti ṣí i, kánálì mẹ́ta (ọ̀nà tóóró tí ẹran inú eyín gbà nínú gbòǹgbò) ló hàn: méjì nínú gbòǹgbò iwájú, MB níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ML níhà ahọ́n, pẹ̀lú ẹyọ kan nínú gbòǹgbò ẹ̀yìn. A ti fọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí dé òpin ìwọ̀n wọn. Síbẹ̀, omi gbígbóná ṣì ń ta ẹni tó ni eyín.

Nǹkan méjì ló ń kọ mí lóminú. Fáìlì #10 (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fá inú kánálì, nọ́ńbà rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe nípọn tó) tó wà nínú kánálì ẹ̀yìn kò dúró sáàárín gbòǹgbò. Ó fì síhà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lórí fọ́tò X-ray tí a yà tààrà, kánálì yìí kan náà fẹ̀ láti òkè wá, àmọ́ bó ṣe dé ìdajì gbòǹgbò, ó pòórá lójijì. Ṣé kánálì kẹrin ni? Bó bá jẹ́ òun, ibo ni ká wá a sí, báwo la sì ṣe máa mọ ibi tó yẹ ká ti dáwọ́ dúró ká má baà dá ihò lu oríta gbòǹgbò, ibi tí gbòǹgbò ti pínyà?

Mo tún fẹ́ mọ ohun tó fà á tí iye tó wà nínú ìwé kan kì í fi í bá ti ìwé mìíràn mu.

Oríta

Kánálì kẹrin ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Àmì mẹ́ta lẹ kà sílẹ̀ yẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń tọ́ka síbì kan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti fáìlì tó fì. Kánálì tó bá dá wà nínú gbòǹgbò ẹ̀yìn, àárín ló máa ń wà, ẹnu rẹ̀ á sì gùn láti ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ìhà ahọ́n bí ẹnu owó ẹyọ. Bí ẹnu náà bá rí róbótó, tó sì fì sápá kan, ẹ wá ìkejì rẹ̀ lápá kejì. Pípòórá lórí fọ́tò, ibi tí ọ̀nà ti pín ni: ńlá kan di kéékèèké méjì, X-ray kò sì lè fi kéékèèké hàn bó ṣe fi ńlá hàn. Ooru tó ṣì ń ta á lẹ́yìn tí ẹ ti fọ mẹ́ta, ẹran ààyè tó ṣẹ́kù síbì kan nínú eyín ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò bá ní àléébù. Ẹ dán eyín ẹ̀gbẹ́ wò ná kí ẹ tó di ẹ̀bi ru eyí.

Kánálì mẹ́rin kò ṣọ̀wọ́n rárá. Nínú iṣẹ́ tí Skidmore àti Bjorndal gbé jáde ní 1971, eyín 45 tí wọ́n ti yọ ni wọ́n yẹ̀ wò: 64.4% ní kánálì mẹ́ta, 28.9% ní mẹ́rin, 6.7% ní méjì péré. Ká sọ pé mólà mẹ́wàá ló wà níwájú yín, nǹkan bíi mẹ́ta nínú wọn ló máa ní mẹ́rin.

Bí ẹ ṣe máa wá a nìyí. Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe ṣí eyín. Ojú ihò onígun mẹ́ta ló sábà máa ń bo ẹnu DL (kánálì ẹ̀yìn níhà ahọ́n; DB ni ti ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́) mọ́lẹ̀, torí náà ẹ sọ ọ́ di onígun mẹ́rin, ẹ fẹ̀ ẹ́ sí igun ẹ̀yìn níhà ahọ́n. Ẹ fi orí irin DG16 (irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń wá ẹnu kánálì) tọ ògiri yàrá eyín, ihò tó wà lókè àwọn kánálì, láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè. Bó bá kọ́ lábẹ́ ètè kan, àjà yàrá ṣì ṣẹ́kù níbẹ̀ nìyẹn, ẹ gé e kúrò.

Ẹ wá fi hypochlorite (omi tó ń pa kòkòrò, tó sì ń tú ẹran) fọ ilẹ̀ yàrá, kí ẹ gbẹ ẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Ilẹ̀ máa ń dúdú ju ògiri lọ, eérú ni àwọ̀ rẹ̀, ògiri á sì funfun bí wàrà. Krasner àti Rankow yẹ eyín 500 wò, wọ́n gbé òfin wọn jáde ní 2004, èyí tó sì wúlò jù fún wa nínú rẹ̀ ni pé ojú ibi tí ilẹ̀ dúdú ti pàdé ògiri funfun ni ẹnu kánálì máa ń wà, ní igun ibẹ̀, ní òpin ìlà dúdú tó gba ilẹ̀ kọjá. Kì í sí láàárín ilẹ̀ gbalasa, kì í sì í sí lára ògiri.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú inú fa ìlà kan láti iwájú sẹ́yìn gba àárín ilẹ̀ yàrá. Ẹ wọn bí ẹnu kánálì ẹ̀yìn tẹ́ ẹ ti rí ṣe jìnnà sí ìlà yẹn. Bó bá jẹ́ 1 mm síhà ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ lọ 1 mm síhà ahọ́n, kẹ́ ẹ tẹ DG16 mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ibi tó bá dì í mú, tí ẹ ní láti fà á kó tó jáde, ẹnu kánálì ni. Dentin (ara eyín tó yí yàrá àti kánálì ká) líle kì í di irin mú bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa ń yọ̀ lórí rẹ̀.

Onífọ́tò

Àfikún sí ti Oríta: fọ́tò kan ṣoṣo kò tó fún mólà ìsàlẹ̀. Ẹ ya èkejì, kẹ́ ẹ gbé orí ẹ̀rọ síwájú ní ìwọ̀n 20 sí 30 dígírì. Ohun tó wà níhà ahọ́n á bá ẹ̀rọ lọ, ohun tó wà níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ á lọ sódìkejì. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá lọ síwájú, DL á sún síwájú lórí fọ́tò, DB á sún sẹ́yìn.

Ẹ fi fáìlì sínú kánálì ẹ̀yìn tẹ́ ẹ ti rí kẹ́ ẹ tó yà á. Bí fáìlì bá há mọ́ etí ẹ̀yìn gbòǹgbò, tí ààyè sì ṣófo níwájú rẹ̀, inú ààyè yẹn ni ẹnì kejì rẹ̀ wà. Bí fáìlì bá wà láàárín gbùngbùn nínú fọ́tò tààrà àti nínú fọ́tò ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹyọ kan ni lóòótọ́.

Nǹkan mìíràn tí ojú máa ń fò dá ni ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí gbòǹgbò ká, ààyè okùn tó so eyín mọ́ egungun. Bí ìlà méjì bá gba ojú gbòǹgbò ẹ̀yìn kọjá, tí wọ́n sì ya ara wọn nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti ju kánálì kẹrin lọ. Gbòǹgbò kẹta ló wà níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe ń bá ìyẹn lò.

Ní ti CBCT (X-ray tó ń fi eyín hàn láti ìhà gbogbo), AAE, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn gbòǹgbò eyín ní Amẹ́ríkà, àti AAOMR, ẹgbẹ́ àwọn onífọ́tò ẹnu níbẹ̀, sọ nínú ìwé ìpinnu wọn ti 2015 pé CBCT olójú kékeré, èyí tó ń ya apá kékeré nìkan, ni kí a ronú kàn nígbà tí a bá ń tọ́jú eyín tó ṣeé ṣe kó ní kánálì àlékún tàbí tí ẹ̀dá rẹ̀ bá díjú. Olójú kékeré ni mo tẹnu mọ́, nítorí pé ìtànṣán rẹ̀ kéré sí ti olójú ńlá, àwòrán rẹ̀ sì máa ń mọ́ jù ú lọ. Ẹ gbé voxel (ẹyọ tó kéré jù nínú àwòrán náà) sí 0.125 mm tàbí kó kéré sí i. Bí adé irin tàbí òpó irin bá wà nínú eyín, ẹ ṣọ́ra: ìlà dúdú tí irin máa ń jù sílẹ̀ lórí àwòrán a máa jọ kánálì, ó sì ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn gbẹ́ ibi tí kò sí nǹkan kan.

Fáìlì10

Ẹ ṣeun gan-an. Onífọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ti gbòǹgbò kẹta yẹn. Báwo ni ẹni tí kò ní CBCT ṣe máa dá a mọ̀ yàtọ̀ sí DL tó wà nínú gbòǹgbò ẹ̀yìn kan náà?

Awòfín

Ẹ jẹ́ kí n gba èyí. Radix entomolaris ni orúkọ rẹ̀. Carabelli ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, ní 1844. Ìhà ahọ́n lápá ẹ̀yìn ló máa ń wà, ó sábà máa ń kúrú ju gbòǹgbò yòókù lọ, ó sì máa ń tín-ín-rín. Irú rẹ̀ mìíràn wà tó máa ń yọ níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ lápá iwájú, radix paramolaris ni Bolk pè é ní 1915. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n púpọ̀.

Ẹ̀yà ènìyàn ṣe pàtàkì níbí. Láàárín àwọn ará Ṣáínà, àwọn Inuit àti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó lè tó 5% títí dé 30%. Láàárín àwọn ará Áfíríkà, iye tó wọ́pọ̀ nínú ìwé kì í ju 3% lọ. Ìyẹn kò ní kí ẹ má wá a o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó lè jẹ́ ọ̀kan péré lẹ máa pàdé láàárín ọ̀pọ̀ eyín, ọ̀kan yẹn ló sì máa ń bọ́ mọ́ni lọ́wọ́ torí pé ojú kò mọ̀ ọ́n.

Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀ lórí ilẹ̀ yàrá? Ẹnu DL tó wà nínú gbòǹgbò kan náà pẹ̀lú DB máa ń sún mọ́ DB, ìlà dúdú kúkúrú sì máa ń so wọ́n pọ̀. Ẹnu ti radix jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ ògiri ìhà ahọ́n. Bí ìlà dúdú kan bá yà kúrò lára ìlà àárín, tó sì forí lé igun ahọ́n títí tó fi wọ abẹ́ ètè dentin, ẹ tẹ̀ lé e. Ojú ihò tẹ́ ẹ ṣí á wá fẹ̀ ní ẹ̀yìn ju iwájú lọ.

Kò nira púpọ̀ láti rí i. Wíwọ inú rẹ̀ ló lè. Lórí fọ́tò ó lè dà bíi pé ó tọ́, torí pé ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló máa ń tẹ̀ sí, X-ray kò sì lè fi títẹ̀ síhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ hàn. De Moor àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín in sí mẹ́ta ní 2004: èyí tó tọ́, èyí tó tẹ̀ lókè tó wá tọ́ títí dé ìsàlẹ̀, àti èyí tó tẹ̀ lókè, tó tún tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì síhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti àárín lọ. Ẹ̀kẹta yìí ló ń ṣẹ́ fáìlì.

Torí náà, ẹ gé ètè dentin tó wà lókè ẹnu rẹ̀ kí fáìlì lè wọlé láìtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fáìlì #8 tàbí #10 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ 2 sí 3 mm tó gbẹ̀yìn lára rẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọjú títẹ̀ yẹn síhà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àmì tó wà lára rọ́bà ìdádúró ni kẹ́ ẹ fi mọ ibi tó kọjú sí. Ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ tì í. Ẹ máa yí i síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ fà á jáde, kẹ́ ẹ nù ún, kẹ́ ẹ fi hypochlorite sí i, kẹ́ ẹ padà wọlé. Ẹ má gbé ẹ̀rọ wọ ibẹ̀ títí fáìlì #15 yóò fi máa lọ dé ìsàlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí agídí. Àtẹ̀gùn tí fáìlì líle bá gé sára ògiri ìta ibi tó tẹ̀, ṣàṣà ni ẹ fi máa rí ọ̀nà tòótọ́ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Poro

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, mólà àkọ́kọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sórí mólà kejì bó ṣe rí, torí pé ibẹ̀ ni kánálì onírísí C ti ń jọba.

Cooke àti Cox ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìtọ́jú, ní 1979. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: nígbà tí gbòǹgbò ń dá, awọ Hertwig ló ń pín in sí méjì. Bí awọ náà kò bá pàdé ara rẹ̀ níhà kan, pàápàá níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbòǹgbò iwájú àti ti ẹ̀yìn á lẹ̀ mọ́ra níhà yẹn, poro jíjìn á sì wà níhà kejì, níhà ahọ́n. Kánálì inú rẹ̀ á wá tẹ̀ bí C láti ML, á gba MB kọjá, á dé ẹ̀yìn. Láàárín àwọn ará Ìlà-Oòrùn Éṣíà, ó wọ́pọ̀ débi pé ó ń kọjá 30% nínú mólà kejì ìsàlẹ̀. Níbòmíràn ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí i ní eyín 37 (mólà kejì ìsàlẹ̀ lápá òsì), ẹ retí rẹ̀ ní 47 (ti apá ọ̀tún) ẹni náà.

Fan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín in sí márùn-ún ní 2004. C1 ni C tó pé láìgé. C2 gé níbì kan, bí àmì ìdánudúró tó ní kókó kan àti ìrù kan. C3 ti di kánálì méjì tàbí mẹ́ta tó dá dúró. C4 jẹ́ ẹyọ kan róbótó tàbí gbọọrọ. C5, kò sí ihò kankan tó hàn, ó sì sábà máa ń jẹ́ nítòsí ṣóńṣó gbòǹgbò. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé inú eyín kan náà, ìrísí yìí ń yí padà bí ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀. C1 ní ẹnu lè di C3 láàárín. Torí náà, ẹ má fi ẹnu ṣèdájọ́ ìdí.

Àmì rẹ̀ lórí fọ́tò: gbòǹgbò méjèèjì sún mọ́ra gan-an tàbí wọ́n di ẹyọ kan tó rí bí ìṣó, ìlà tí kò hàn dáadáa sì gba àárín. Bí fáìlì yín bá ń lọ láàárín gbòǹgbò méjì bíi pé ó ti lu oríta, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde, ẹ fi apex locator (ẹ̀rọ tó ń sọ ìgbà tí fáìlì bá dé òpin gbòǹgbò) wò ó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rù. Bó bá ka ìwọ̀n tó bá ti eyín mu, inú ọ̀nà C lẹ wà. Bó bá ké ní kété tẹ́ ẹ wọlé, ẹ ti lù ú.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù níbẹ̀ ni ògiri níhà poro ahọ́n. Ó tín-ín-rín. Ẹ má gbé Gates-Glidden (irin ẹ̀rọ tó ń fẹ kánálì lókè) wọ ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó so àwọn kánálì pọ̀, ẹ má sì lo fáìlì tó ju #25 lọ níbẹ̀. Hypochlorite ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tí irin kò lè ṣe: ẹ jẹ́ kó pọ̀, ẹ jẹ́ kó pẹ́, kẹ́ ẹ sì fi ultrasonic (irin tí ẹ̀rọ ń mú gbọ̀n kíákíá) mì í.

IlẹYàrá

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè kẹta, nípa iye tí kò bára mu, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ wo kánálì MM, èyí tó wà láàárín MB àti ML. Pomeranz àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ mólà ìsàlẹ̀ 100 wò, wọ́n gbé e jáde ní 1981: 12 ló ní MM. Ní 2015, Azim àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ eyín 91 wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí eyín tán, 6 péré ni wọ́n rí, 6.6%. Lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ poro tó wà láàárín MB àti ML dé 2 mm, ó di 42, 46.2%. Eyín kan náà ni, ojú kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni ibi tí wọ́n wá a dé.

Nítorí náà, bí ẹ bá ka iye kan, ẹ bi í léèrè: eyín ta ni, irinṣẹ́ wo ni wọ́n fi wò ó, kí sì ni wọ́n pè ní kánálì? Ẹni tó ń ka ẹnu kánálì lókè, iye rẹ̀ kò lè bá ti ẹni tó ń ka ihò àbájáde nísàlẹ̀ mu. Ìdí tí ìpín Vertucci ti 1984 ṣe wúlò nìyẹn. Ìpín mẹ́jọ ni: I, kánálì kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. II, méjì tó pàdé di ọ̀kan. III, ọ̀kan tó pín tó tún pàdé. IV, méjì tó dá dúró títí dé ìdí. V, ọ̀kan tó pín sí méjì kó tó jáde. VI, méjì di ọ̀kan tó tún di méjì. VII, ọ̀kan di méjì, di ọ̀kan, di méjì. VIII, mẹ́ta tó dá dúró. Gbòǹgbò iwájú mólà àkọ́kọ́, II àti IV ló wọ́pọ̀ jù. Ti eyín 46 yín yìí, bó bá jẹ́ pé ọ̀nà pín ní ìdajì gẹ́gẹ́ bí fọ́tò ṣe fi hàn, V la máa retí, àfi bí ẹnu kejì bá hàn lókè.

Ìyẹn sì jẹ́ ohun tí Oríta kò sọ: bó bá jẹ́ V, wíwá ẹnu kejì lórí ilẹ̀ yàrá kò ní so èso. Inú kánálì fúnra rẹ̀ lẹ máa wá a, ní ìdajì ọ̀nà, pẹ̀lú fáìlì #10 tó tẹ̀ lórí, tẹ́ ẹ kọjú rẹ̀ síhà ahọ́n, tẹ́ ẹ sì ń fi kan ògiri díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bọ́ sínú ihò.

Oríta

> bó bá jẹ́ V, wíwá ẹnu kejì lórí ilẹ̀ yàrá kò ní so èso

Mo gbà. Ṣùgbọ́n fáìlì tó fì síhà kan láti ẹnu lókè ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá ilẹ̀ yàrá. Ilẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá, bí kò bá sí, kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín jiyàn lé ni 46% yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á bí àṣẹ láti gbẹ́ gbogbo eyín. Ògiri ẹ̀yìn gbòǹgbò iwájú, èyí tó kọjú sí oríta, ni Abou-Rass àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè ní agbègbè ewu ní 1980. Nǹkan bíi 1 mm ni dentin níbẹ̀, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò yẹn ní poro níhà oríta tí fọ́tò kì í fi hàn, torí náà ohun tẹ́ ẹ rí lórí fọ́tò nípọn ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ. MM sì wà láàárín gan-an, níbi tí poro ti jìn jù. Bí ẹ bá fá ògiri yẹn lu, kánálì kékeré kan tẹ́ ẹ ń wá lè sọ gbogbo eyín nù.

IlẹYàrá

Ẹ jàre, ẹ̀gbọ́n. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyí, kí ẹni tó bá máa ṣe é má bàa jìn sí kòtò.

Ìwọ̀n ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Deutsch àti Musikant wọn mólà ní 2004. Nínú mólà ìsàlẹ̀, láti ṣóńṣó orí eyín dé àjà yàrá jẹ́ nǹkan bíi 6 mm, yàrá fúnra rẹ̀ ga tó bíi 1.5 mm, láti ilẹ̀ yàrá dé oríta sì jẹ́ nǹkan bíi 3 mm. Ẹ fi máàkì sí ara bur (irin tí a fi ń gbẹ́ eyín) ní 6 mm. Bí orí bur bá ti wọlé 7 sí 8 mm, tí ẹ kò sì tíì bọ́ sínú ihò, ẹ dúró, ẹ ya fọ́tò. Eyín àgbàlagbà tí dentin ti dí, àjà àti ilẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ra débi tí ẹ ó fi kọjá méjèèjì láìmọ̀. Àwọ̀ ló máa sọ fún yín: àjà funfun, ilẹ̀ dúdú.

Ní ti MM, ṣóńṣó ultrasonic tẹ́ẹ́rẹ́ ni, lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ní agbára kékeré. Poro láti MB dé ML nìkan ni kẹ́ ẹ gbẹ́, kẹ́ ẹ sì máa darí rẹ̀ síwájú, kúrò lọ́dọ̀ oríta. Ẹ gbẹ́ díẹ̀, ẹ fọ ọ́, ẹ gbẹ omi rẹ̀, ẹ fi fáìlì #8 tàbí #10 dán an wò. 2 mm ni òpin. Bí fáìlì kò bá dì mọ́ níbì kankan títí dé 2 mm, ẹ jáwọ́.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ultrasonic rárá, ẹ fi hypochlorite kún yàrá, kẹ́ ẹ sì wo ilẹ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ibi tí ẹran bá ṣẹ́kù sí, ìhó kéékèèké á máa yọ níbẹ̀ léraléra, okùn ìhó tín-ín-rín kan láti ojú kan náà. Bí ojú kan náà bá ń hó lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa omi rẹ̀ dà, ẹ tẹ DG16 síbẹ̀. Aró methylene blue náà dára: ẹ kán díẹ̀ sí i, ẹ fi omi ṣan án, aró á dúró sínú ẹnu kánálì àti sínú poro, á sì ṣí kúrò lórí dentin tó le.

Fáìlì10

Ẹ ṣeun, mo ti rí i. Ẹnu kejì wà lórí ilẹ̀ yàrá lóòótọ́, abẹ́ ètè dentin ní igun ẹ̀yìn níhà ahọ́n, ìlà dúdú kúkúrú sì so ó mọ́ DB. Ìhó ló kọ́kọ́ fi hàn. Fáìlì #8 wọlé.

Ó ku ìbéèrè méjì. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bí DB àti DL bá pàdé nísàlẹ̀? Kí ni kí n sì ṣe sí poro tó wà láàárín MB àti ML, nígbà tí fáìlì kò lè wọ̀ ọ́?

Poro

Ti àkọ́kọ́: ẹ parí DB dé ìwọ̀n rẹ̀, ẹ fi gutta-percha (ohun bíi rọ́bà tí a fi ń dí kánálì) tó bá a mu sínú rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ wá gbé fáìlì #15 wọ DL lọ dé ìwọ̀n tirẹ̀, kẹ́ ẹ mì í sókè sódò lẹ́ẹ̀kan tàbí méjì. Ẹ fa gutta-percha jáde, ẹ gbé e sábẹ́ iná. Bí wọ́n bá pàdé, ẹ máa rí ojú ibi tí fáìlì ti ha á, ọgbẹ́ kékeré kan lára rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi rúlà wọn láti ọgbẹ́ yẹn dé ṣóńṣó. Ibẹ̀ ni oríta wọn. Bí ara gutta-percha bá dán láìsí ọgbẹ́, ó jọ pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà kálukú.

Bí wọ́n bá pàdé, ẹyọ tó tọ́ jù ni kẹ́ ẹ gbé dé ìsàlẹ̀. Èkejì, ibi ìpàdé ni kẹ́ ẹ dá a dúró sí. Bí ẹ bá gbé fáìlì ńlá gba ọ̀nà méjì jáde sí ihò kan, ihò yẹn á ya, kò ní róbótó mọ́, kò sì ní ṣeé dí dáadáa. Ohun kan náà ni nínú gbòǹgbò iwájú, níbi tí ML ti sábà máa ń tọ́ ju MB lọ.

Ti poro àárín MB àti ML: isthmus ni wọ́n ń pè é, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó so kánálì méjì pọ̀. 3 sí 5 mm sókè ṣóńṣó gbòǹgbò ló ti wọ́pọ̀ jù. Fáìlì kò ní wọ ibẹ̀, àní fáìlì máa ń ti eruku dentin wọnú rẹ̀, ó sì máa ń dí i pa. Omi ló lè dé ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ 30 gauge tí ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé e dúró 2 mm kó tó dé ìwọ̀n, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó há. Hypochlorite 2.5% sí 5.25%, kẹ́ ẹ máa tú u léraléra láàárín fáìlì kan sí òmíràn. Nígbà tí fáìlì bá parí, EDTA 17% fún ìṣẹ́jú kan láti tú eruku tó dí ẹnu isthmus, kẹ́ ẹ padà fi hypochlorite kún un, kẹ́ ẹ fi ultrasonic mì í fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú omi tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí chlorhexidine (omi apakòkòrò mìíràn) pàdé hypochlorite nínú kánálì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ ló ń dà, á sì dí ojú dentin.

Ẹ má fi agbára ti sírínjì o. Nínú mólà kejì pàápàá, iṣan tó ń lọ sí ètè ìsàlẹ̀ máa ń sún mọ́ ṣóńṣó gbòǹgbò, hypochlorite tàbí sealer (àtè tí a fi ń dí kánálì pẹ̀lú gutta-percha) tó bá jáde síbẹ̀ lè mú kí ètè kú fún ìgbà pípẹ́.

Oríta

Fáìlì10, ohun kan tó kù ni ìwọ̀n DL. Ẹ má yá ti DB lò fún un. Mólà ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́, nǹkan bíi 21 mm ni gbogbo gígùn rẹ̀ látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìdúró fún DL, ṣóńṣó orí eyín níhà ahọ́n, kò sí ní ìpele kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, DL sì lè kúrú. Ẹ fi apex locator ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gbẹ yàrá kí omi má so kánálì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Bó bá ka "0", ẹ fà á sókè 0.5 mm.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dí i, ẹ kọ́kọ́ gbé gutta-percha sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀, ẹ ya fọ́tò láti iwájú ní 20 dígírì. Bí mẹ́rin bá hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí kálukú sì dé ìwọ̀n rẹ̀, ẹ gé wọn, ẹ fi irin gbígbóná tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kí gutta-percha lè wọ isthmus pẹ̀lú sealer. Kẹ́ ẹ tó bo eyín pa, ẹ fi ọtí nu ilẹ̀ yàrá kí sealer má ṣẹ́kù síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì di ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Kánálì kéékèèké máa ń wà láti ilẹ̀ yàrá dé oríta, kòkòrò sì ń gba ibẹ̀ wọ egungun bí ẹnu eyín bá jò.